Orúnkún Àwẹ̀ró

“Orúnkún ló ń sunkún, ikùn ló sá níṣẹ́.” Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí bá ara yín wí, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró. Ní ẹbu tiwọn, ìkòkò kì í yí. Ẹni tó ń mọ ọ́n ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po títí ẹnu rẹ̀ yóò fi gún. Ó lé ní ogún ọdún tí Àwẹ̀ró ti ń yí àmù po kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó fi òrí pa á, ó fi adín ra á, ó fi aṣọ dì í, pàbó ni. Ó rẹ̀ ẹ́. Bó bá jí láàárọ̀, yóò jókòó sétí ẹní, yóò máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Àmù mẹ́ta ló mọ tí ẹnu wọn wọ́. Olórí ẹbu wá sọ fún un pé bí èyí tó kàn bá tún wọ́, kó padà sídìí amọ̀ gígún, níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wà. Ìtìjú yẹn dun Àwẹ̀ró ju orúnkún lọ.

Ìyá Ojúọlápé, tó dàgbà jù ní ẹbu tó sì ń yí àmù po síbẹ̀, pè é.

“Àwẹ̀ró, kí lo ń fi ikùn ṣe?”

“Ikùn kẹ̀, ìyá? Orúnkún ló ń dùn mí.”

“Mo gbọ́. Ikùn rẹ dẹ̀, ìbàdí rẹ ń sùn, wọ́n wá di gbogbo ẹrù ru orúnkún. Ṣé kó má sunkún ni?”

Ó ní kó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó ká ẹsẹ̀ kò, kó fa ikùn mọ́ra, kó gbé ìdí sókè, kó sì ka ẹẹ́wàá kó tó sọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró pòṣé. Ẹsẹ̀ ń dunni, wọ́n ní ká máa gbé ìdí! Ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, àárẹ̀ lásán. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó sunkún lórí ẹní. Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí oṣù méjì fi pé.

Ọjọ́ tó mọ àmù kẹrin, ó fa ikùn mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn. Orúnkún ṣì ń ro ó, àmọ́ kò yẹ̀. Olórí ẹbu yí àmù náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ gún. Àwẹ̀ró rọra jókòó, ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́,” ó ní. “Ìwọ lo ń sunkún, ikùn ló sá níṣẹ́.”

Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí nígbà tí ẹnì kan bá ń jìyà ìwà ọ̀lẹ ẹlòmíì, tí àwa sì ń da òróró sí ibi tó ń ké, tí a kò bi ibi tó dákẹ́ léèrè.