Èédú Tí Ó Dì Jù

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ṣe bátìrì ní yàrá ìwádìí yunifásítì. Èédú èèpo àgbọn ni ó fi ń ṣe inú rẹ̀. Ó ń lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ, ó ń da omi oògùn sí i, ibẹ̀ ni iná ń wọ̀ sí. Kì í ṣe nítorí oyè nìkan. Ẹ̀rọ ni ìyàwó rẹ̀ fi ń mí nílé. Bí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń sáré tàn, kì í sì í tètè dáhùn.

Bátìrì àkọ́kọ́ gba iná díẹ̀. Ó ní bí òun bá tẹ èédú náà kí ó dì, púpọ̀ rẹ̀ yóò wọ inú bátìrì, iná yóò sì pọ̀ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná dínkù. Ó rò pé òun kò tẹ̀ ẹ́ tó ni, ó tún tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le bí òkúta. Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ̀ ọ́ mọ́. Ó pààrọ̀ èédú, ó pààrọ̀ oògùn, pàbó ló já sí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, kí ló dé tí ẹ ń dá sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Bí mo ṣe ń ṣe é dáadáa sí i ni ó ń bàjẹ́ sí i. Kò yé mi."

Níkẹyìn, òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé èédú náà sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ti àkọ́kọ́ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ilé ikán. Ti ìkẹyìn ń dán, gbogbo ihò rẹ̀ ti dí.

Obìnrin náà ní, "Oògùn kò rọ́nà wọlé mọ́. Inú àwọn ihò yẹn ni iná ń sá pamọ́ sí."

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé òfìfo ló ń gba iná ni?"

Ó ṣì ń yà á lẹ́nu nígbà tí ó dẹwọ́, tí kò tẹ èédú náà le mọ́. Nígbà tí iná ìjọba tún lọ, bátìrì tí ó ṣe lẹ́yìn náà gbé ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ títí jẹnẹrétọ̀ fi dìde.

Ìwọ tí o wá bá mi nítorí ọmọbìnrin rẹ, gbọ́. Láàárọ̀ o ń kìlọ̀, lálẹ́ o ń kìlọ̀. Bí ó bá la ẹnu, o ti dá a lóhùn kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. O ní ìmọ̀ràn kò wọ̀ ọ́ létí mọ́, ó sì rú ọ lójú. Ìmọ̀ràn rẹ kò burú, àyè ni o kò fún un. Lọ sílé, jókòó tì í. Bí ó bá dákẹ́, kí ìwọ náà dákẹ́. Jẹ́ kí ó jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.