Ẹni Tí Kò Lè Dọ̀bálẹ̀

"Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀, kó má ra mọ́tò." Bí àlejò bá gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wa ní Òkè-Ìtàpá, á ní níbo ni ìdọ̀bálẹ̀ ti bá mọ́tò tan. Kó fi ara balẹ̀, kó gbọ́.

Láwọyin ló dá òwe náà sílẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnu ló fi dá a. Ọmọlúàbí ni kó tó ra ọkọ̀. Ọjọ́ tó wa ọkọ̀ pupa kan wálé ni ẹ̀yìn rẹ̀ gan. Bó bá pàdé àgbà, á kàn na ìka kan sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọn èérún dànù. Ó fi ìka yìí kí bàbá ìyàwó rẹ̀, Bàbá Ògúnṣínà, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kí orúnkún tó dá a jókòó. Móradéùn, ìyàwó Láwọyin, ló bá a wí nígbà tí wọ́n délé. Láwọyin fèsì pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ kì í fi àyà nulẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Móradéùn di ẹrù, ó pọn Ìbídùn ọmọ wọn, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ó ránṣẹ́ pé ọjọ́ tí òun bá rí àyà ọkọ òun nílẹ̀ níwájú bàbá òun ni òun yóò padà.

Láwọyin mu gààrì fún oṣù kan gbáko. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ó kọ imú ọkọ̀ sí títì kó lè tètè máa lọ, kò tilẹ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbá Ògúnṣínà àti àgbà mẹ́ta jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láwọyin na ìka kan sílẹ̀, ó ní òun wá mú ìyàwó òun. Móradéùn ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, kò mira.

Ibẹ̀ ni èéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láwọyin sáré pa ẹ̀rọ, ó fa wáyà tí wọ́n fi ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wáyà já sí i lọ́wọ́. Ó ti ọ̀bẹ bọ àlàfo rẹ̀, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Kò ṣí.

Baba tẹ ọ̀pá dé ibẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná.

"Abẹ́ ni wọ́n ti ń ṣí i bí wáyà bá já. Na ọwọ́ gba abẹ́ bọ́ńpà, kí o fa irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Láwọyin béèrè mẹkáníìkì. Baba ní ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé ká ní orúnkún òun gbà ni, òun ì bá ṣe é.

Láwọyin bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kò tó o. Ó kúnlẹ̀, kò tó o. Ó wo aṣọ funfun ọrùn rẹ̀, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá nà gbalaja, àyà nílẹ̀, orí sí ilé, ẹsẹ̀ sí títì. Ó fa irin náà, ó gbọ́ tí ó dún, síbẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò gbéra. Ọwọ́ baba ló wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Baba fara tì í, ó ń súre.

"Wàá pẹ́ láyé, ọkọ ọmọ mi."

Láwọyin tún fa irin náà.

"Mo ní wàá pẹ́ láyé."

"Àmín, Bàbá."

Baba súre fún ọmọ, ó súre fún iṣẹ́, ó súre fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ń ṣe àmín láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, Láwọyin ń ṣe tirẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ìgbà tí baba ní kó dìde, tó gbé ọwọ́ kúrò, ni bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí.

Móradéùn gbé korobá omi jáde, ẹrù rẹ̀ lórí. Láwọyin gbọn àyà, ó ṣàlàyé pé nítorí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni òun ṣe dùbúlẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn," ni Móradéùn wí, "àyà yín ni mo ní mo fẹ́ rí nílẹ̀. N kò béèrè ohun tó gbé e débẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà mẹ́ta náà ti gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri ìlú. Láti ìgbà náà, bí ọlà bá gan ẹnìkan lẹ́yìn láàárín wa, àgbà kì í bá a jà. Wọ́n á kí i kú oríire, wọ́n á sì rán an létí pé ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀, kó má ra mọ́tò.