Òṣèré Tó Ń Ya Ẹsẹ̀

Ọkùnrin òṣèré kan wà tó jẹ́ pé òkú ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Láyé ìgbà tí sinimá wa ṣì ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kò sí fíìmù tí ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré wọn ṣe tí wọn ò pa á nínú rẹ̀. "Òkú" ni wọ́n tiẹ̀ ń pè é nínú ẹgbẹ́. Ó sì mọ òkú ṣe. Bí eṣinṣin bà lé e nímú, kò ní mira. Ṣùgbọ́n kì í di ojú tán. Láti ilẹ̀ tó sùn sí, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó wà láàyè.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kú, ẹgbẹ́ tú ká. Ọkùnrin yìí ra ọ̀dà, ó gé aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe sinimá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn fíìmù àtijọ́ náà sórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń yà: ti ọba, ti ọmọ ogun, ti ìyàwó tí ọkọ ń lé jáde.

Àwọn òṣèré yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òkú ti jí, ó ti di ayàwòrán.

Ó kó àwòrán méje lọ bá alága ìpàtẹ àwòrán ìlú tó ń gbé. Alága wò wọ́n títí. Ó ní, "Bàbá, orí dà? Ojú àwọn gbajúmọ̀ làwọn èèyàn fẹ́ wá wò. Ẹ ya orí sí i, ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà á jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀."

Ògiri yẹn wù ú, má jẹ́ n tàn ọ́. Ó lé lógún ọdún tó fi sùn nílẹ̀ láìsí ẹni tó bi í lórúkọ. Síbẹ̀, ó ká àwòrán rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bi àwọn tó dúró nípa orí. Ibi tí wọ́n tẹ́ mi sí, ẹsẹ̀ ni mo rí. N ò ní ya ohun tí n ò rí nítorí ògiri."

Ó lọ so wọ́n kọ́ sára ògiri ìta gbọ̀ngàn àtijọ́, nínú oòrùn. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá arúgbó kan dé, ẹni tó máa ń ṣe olorì nínú àwọn fíìmù wọn. Ó dúró níwájú àwòrán bàtà olorì kan. Okùn bàtà náà ti já, wọ́n fi òwú dúdú so ó, gìgísẹ̀ inú rẹ̀ sì wú. Ìyá sunkún. Ó ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi ni gbogbo ayé ń wò lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ọkùnrin náà, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀, dáhùn pé, "Mo mọ̀, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀. Òkú ni mí, n ò lè ké."

Ìyá nu ojú. "Kí lorúkọ rẹ gan-an?"

"Oyèwùsì ni, Màmá."

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ìwọ náà sí. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ní kí o sọ ohun tó máa dùn mọ́ wọn kí wọ́n tó fún ọ láyè. Má gbà fún wọn. Sọ ohun tí o rí láti ibi tí o wà. Bí wọn ò bá fún ọ ní ògiri inú ilé, ti ìta ṣì wà.