Ohùn Tí Ehoro Wá sí Pálọ̀, Tí Etí Rẹ̀ Fi Gùn

Nígbà láéláé, nígbà tí etí Ehoro ṣì kéré bí etí eku, inú ilé ni ó ń gbé. Ilé náà ní pálọ̀ ńlá kan. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti fi amọ̀ pupa rẹ́ ògiri rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Ní ọdún kan, ojú bàbá Ehoro fọ́. Ehoro lọ mú un wá láti oko, ó tẹ́ ẹní fún un sí pálọ̀, ó sì ń fún un lóúnjẹ lásìkò. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, arúgbó náà kàn ń jókòó ni, ó ń fi ọwọ́ pa ògiri.

Ehoro bi í ohun tó ń fẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ aṣọ, òun kò sì fẹ́ oúnjẹ tó ju èyí lọ. Ohun tí òun fẹ́ ni ẹni tí yóò máa kọ orin tí ìyá Ehoro, tó ti kú, máa ń kọ nígbà tó bá ń gbin ẹ̀pà. Ó ní ojú ti lọ, etí nìkan ló kù tí òun fi ń jẹ ayé.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ehoro lára. Ó kéde káàkiri igbó pé kí ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dùn wá kọ́ orin náà lẹ́nu Bàbá, kí ó sì kọ ọ́ ní pálọ̀ òun, kí òun lè yan èyí tó dára jù.

Kìnnìún ló kọ́kọ́ dé. Ìlà kan péré ló kọ tí amọ̀ ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n sì tètè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Kọ̀ǹkọ̀ tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ ki, ó sì wúwo. Ehoro fi í sí kọ̀rọ̀, ohùn náà ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ehoro fà á kúrò lára ògiri díẹ̀, ohùn náà sì là. Síbẹ̀, ó dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ìrẹ̀ ló kàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ ló yọ kedere, ṣùgbọ́n ohùn náà tínrín, ó ń gún ni létí bí abẹ́rẹ́.

Ehoro ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò mọ èyí tí yóò mú. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n jọ kọ ọ́, kí ọ̀kan wà lápá ọ̀tún Bàbá, kí èkejì wà lápá òsì.

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e:

"Ẹ̀pà, wọlẹ̀ jẹ́ẹ́,
Òjò ń bọ̀ wá jí ọ."

Arúgbó náà nàró lórí ẹní. Ó na ọwọ́ sí àárín pálọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí.

"Ibí yìí ni ìyá rẹ dúró sí," ó wí. "Mo ń gbọ́ ọ. Ehoro, èyí ti tó. Má wá òmíràn mọ́."

Ká ní Ehoro gbọ́ràn ni, kì bá tí sí ìtàn. Ṣùgbọ́n létí rẹ̀, ohùn Ìrẹ̀ ga jù díẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó sún Ìrẹ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó sún Kọ̀ǹkọ̀ síwájú, ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ká ẹní kúrò nílẹ̀, ó tún un tẹ́. Àná dára ju òní lọ. Àbí òní ló dára jù?

Kí ìyàtọ̀ kékeré má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa etí rẹ̀ sókè. Ní ọjọ́ kẹta, fìlà rẹ̀ kò wọ orí mọ́. Àwẹ̀ró kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Ehoro ní kí ó dákẹ́, òun ń gbọ́ nǹkan kan.

Ní gbogbo àkókò náà, bàbá rẹ̀ kò gbọ́ òpin orin náà rí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, arúgbó náà pè é. "Ọmọ mi, kí ni orin yẹn ń sọ?"

Ehoro wo Kọ̀ǹkọ̀, ó wo Ìrẹ̀. Ó ti gbọ́ orin náà ní ìgbà igba, kò sì mọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ojú tì í. Ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì na ọwọ́ láti tún Kọ̀ǹkọ̀ sún.

Inú Kọ̀ǹkọ̀ ru. Ọ̀fun rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀. "Mo wá kọrin ni," ó wí, "n kò wá di àpótí ìjókòó." Ó fò jáde lójú fèrèsé, ó gba àbàtà lọ. Ìrẹ̀ náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wọ ihò lẹ́bàá àbàtà náà.

Bàbá Ehoro mú ọ̀pá rẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí Àwẹ̀ró fa òun lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n wà. Níbẹ̀, lórí koríko, ó gbọ́ orin ìyàwó rẹ̀ dé òpin, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ehoro sáré tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ orin náà gẹ́gẹ́ bí orin. Ewé kan mì, etí rẹ̀ ọ̀tún yí síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, etí òsì yí síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n tún nà ró. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ wá orí rẹ̀, ó kan etí gígùn náà, ó sì rẹ́rìn-ín, ó rọra ń fọwọ́ pa á. Torí ibẹ̀ ni orin wà, orí koríko náà ni wọ́n ń gbé, wọn kò padà sí pálọ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun Kọ̀ǹkọ̀ ti ń wú bó bá ń ké ní àbàtà, tí Ìrẹ̀ sì ń kọrin lẹ́nu ihò. Láti ọjọ́ náà sì ni etí Ehoro ti gùn, tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí Ehoro fi ń sùn nínú koríko, tí kò ní pálọ̀ mọ́.