Àpá Iná Tí Akọ̀wé Fọ̀ Dànù

Ọkùnrin kan wà tí kì í dá abọ́ aládùúgbò padà láìfọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fi abọ́ gbé mọ́ínmọ́ín wá fún un, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò fi ọṣẹ fọ abọ́ náà, yóò fi aṣọ gbígbẹ nù ún, yóò sì tún gbé e sóòrùn díẹ̀ kí ó tó dá a padà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan ni yóò fọ òdòdó ara abọ́ olóhun kúrò. Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Akọ̀wé ni ní ilé-ìwé girama kan, ní ìlú kékeré kan tí òkè yí ká. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà wà, àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, pẹ̀lú fọ́tò wọn àti ọjọ́ ìbí wọn. Ọjọ́ Ẹtì kan wà tí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà dá, tí orúkọ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Akọ̀wé fẹ́ràn kọ̀ǹpútà yìí. Ìyàwó rẹ̀ ti fi òwú funfun hun aṣọ kan tí ó ń dà bò ó kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Aṣọ náà rẹwà. Bí ó bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ká aṣọ náà kúrò, ó kàn máa ń ṣí i díẹ̀ níwájú. Aṣọ yìí bo ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn kan jáde, èéfín tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà sì kú.

Ó pe àwọn tó ṣe é lórí fóònù, wọ́n sì ṣàlàyé bí yóò ṣe tú u. Nígbà tí ó tú u, ó rí i pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Àpótí irin kékeré tó ń fún un ní iná ló jó, èyí tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní páwà. Orúkọ àwọn ọmọ náà wà ní àlàáfíà nínú lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀ láìsí páwà, irú rẹ̀ kò sì sí ní gbogbo ìlú náà.

Ìwé kan wà tó bá kọ̀ǹpútà náà wá nígbà tí wọ́n rà á. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí apá kan rẹ̀ bá bàjẹ́ kí ọdún méjì tó pé, kí ẹni tó ni ín dá èyí tó bàjẹ́ padà sí ọ́fíìsì àwọn ní Ìbàdàn, àwọn yóò fún un ní tuntun. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin péré ni kọ̀ǹpútà náà ṣì lò. Akọ̀wé ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yà á lẹ́nu pé àwọn tí kò rí òun rí ti ro tòun mọ́ iṣẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí yóò ṣe dá nǹkan olóhun padà.

Ó gbé páwà náà ka iwájú, ó wò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ń rùn. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ fún òun ní tuntun, ṣé irú èyí ló yẹ kí òun gbé lé wọn lọ́wọ́? Ó wá bébà tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, ó fi ha ibi tó dúdú náà títí ó fi ń dán. Ó fi kẹrosíìnì nu gbogbo ara rẹ̀. Bébà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ nọ́mbà sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ṣí kúrò, ó dà á nù mọ́ pàǹtí. Ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun irin fèrèsé ilé rẹ̀ ló fi kùn ún. Nígbà tí ó gbẹ, ó bu pọ́dà díẹ̀ sínú páálí nítorí òórùn.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí ó ní láti kọ mọ́ ọn. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé kí ló ṣe é. Akọ̀wé ro ó títí, ó wá kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò le púpọ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni." Ó fi páálí náà rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ kẹfà, páálí náà padà dé. Páwà tí ó kùn náà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n so ìwé mọ́ ọn pé àwọn kò rí àpá iná kankan lára rẹ̀, àwọn kò rí nọ́mbà rẹ̀, ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sì sọ ohun tó ṣe é, nítorí náà àwọn kò lè pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé lọjọ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ọjọ́ tí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò dá.

Inú bí akọ̀wé. Ó ń rìn kiri nínú pálọ̀, ó ń wí pé òun bọ̀wọ̀ fún wọn, wọn kò mọyì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Fọlájìmí," ó ní, "ṣé ẹ máa ń fọ aṣọ yín kí ẹ tó gbé e fún alágbàfọ̀ ni?"

Akọ̀wé dẹ́kun ìrìn. Ó jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní òun yóò fẹsẹ̀ ara òun lọ sí Ìbàdàn lọ́la. Ọ̀gá sọ fún un pé òbí mẹ́ta ti wá béèrè láàárọ̀ bóyá orúkọ ọmọ àwọn ti lọ, òun sì ti dá wọn lóhùn pé ó ti ń lọ. Akọ̀wé gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé e lọ́kàn dé Ìbàdàn.

Ní ọ́fíìsì náà, àwọn èèyàn ti tò síwájú káńtà. Ọkùnrin kan gbé ojú kọ̀ǹpútà tó kú mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Obìnrin kan mú pátákó ìtẹ̀wé tí èèrà ti kọ́lé sí dání, èèrà ṣì ń jáde láti abẹ́ àwọn lẹ́tà rẹ̀, àwọn tó wà nítòsí sì ń rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nu tirẹ̀. Obìnrin kan tó fi bírò há irun ló ń dá wọn lóhùn. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí nọ́ọ̀sì, pé níbo ló ti ń dùn ún, wọ́n á sì nawọ́ síbẹ̀. Yóò wò ó, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò wọlé lọ mú tuntun wá. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Akọ̀wé ṣàkíyèsí pé nígbàkigbà tí obìnrin náà bá rí ibi tó jóná gan-an, ńṣe ni ojú rẹ̀ ń tú ká, bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá.

Nígbà tí ó kan akọ̀wé, ó gbé páwà aláwọ̀ fàdákà rẹ̀ lé orí káńtà. Obìnrin náà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e sún mọ́ imú. Pọ́dà ló ń rùn.

"Bàbá, ta ló kun èyí?"

Akọ̀wé wolẹ̀. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀, pé bí òun ṣe rà á nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó rántí àwọn òbí mẹ́ta yẹn.

"Èmi ni," ó ní. "Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí i bó ṣe rí."

"Kí ló wá ṣe é gan-an?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti aṣọ tí ó fi bo ihò, ti òórùn, ti èéfín, ti bébà káfíńtà àti kẹrosíìnì àti bébà pẹlẹbẹ tí ó dà nù. Nígbà tí ó dé ibi ọ̀dà, ọkùnrin tó gbé ojú kọ̀ǹpútà mọ́ àyà béèrè láti ẹ̀yìn pé, ṣé wọn ò tún dá agbádá fún un. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé ara òun fúyẹ́.

Obìnrin náà sọ fún un pé kì í ṣe akọ̀wé nìkan ló ń fi aṣọ bò ó, àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò sì yọ ìyẹn kúrò nínú àdéhùn wọn. Ó ní ohun tó ṣòro ni pé ìlànà àwọn kò gbà kí àwọn tú ohun oníbàárà láìjẹ́ pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe é.

"Àpá iná yẹn ló yẹ kó bá wa sọ̀rọ̀, Bàbá, ẹ sì ha á dànù," ó ní. "Ẹ wá kọ̀wé sí wa pé ó rẹ̀ ẹ́."

Ó mú irin kékeré kan, ó fi tú ìdè mẹ́rin tó wà lára páwà náà, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Inú rẹ̀ dúdú bí ó ṣe jó lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́. Ọ̀dà akọ̀wé kò dé ibẹ̀. Lábẹ́ èédú náà, lára irin, nọ́mbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin náà fi ìka nu orí rẹ̀, ó sì kà á sókè jẹ́jẹ́.

Ó wọlé, ó mú tuntun jáde nínú ọ̀rá tí ẹnì kankan kò tíì ṣí. Akọ̀wé na ọwọ́ láti kó ti àtijọ́ mọ́ ọn, obìnrin náà fi ọwọ́ lé e. Ó ní ìyẹn yóò dúró sọ́dọ̀ àwọn, nítorí àwọn tó ń ṣe é fẹ́ wo ibi tí kò ti lágbára, kí èyí tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn ọ̀la má baà jó. Ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Akọ̀wé bojú wò ó. Gbogbo èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà ló dúdú, tirẹ̀ nìkan ló ń dán láàrin wọn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, orúkọ àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ti lọ tán. Ìyàwó akọ̀wé gba aṣọ funfun náà, ó tẹ́ ẹ sórí àpótí ìjókòó. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé, ó sì ròyìn ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò fo pọ́dà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Orúkọ tèmi wà lára àwọn orúkọ yẹn. Mo ti ṣe ìdánwò náà, mo ti jáde, n kò sì tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jù mí lọ, ẹ sì mọ ohun tí mò ń wí. Ẹnì kan wà tí ẹ ṣẹ̀. Ẹ ti ń múra láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ti ń ro bí ẹ ó ṣe wí i kí ó má baà rí bó ṣe rí, pé inú ló kàn bí yín díẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń ṣe bí a bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. A ó kọ́kọ́ ha á, a ó kùn ún, a ó wọ́n pọ́dà sí i, a ó sì máa bínú pé wọ́n dá a padà fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ bó ṣe jó. Ẹni tí tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bínú sí ibi tó dúdú. Ibẹ̀ ló ń wá.