Ìràwọ̀ Inú Agolo Mílíìkì

"Ìràwọ̀ tó bá ń tàn lábẹ́ ọmọrí, inú agolo ló ti yọ." Gbogbo ará Òkè-Ìyangí ló ń pa òwe yìí, àtàgbà àtèwe. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ìràwọ̀ wo ló ń gbé inú agolo, ta ni ó sì gbé ọmọrí dé e? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti rí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀, irọ́ tí wọ́n fi lú u kò kéré.

Ládòkun ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà ṣe ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ṣe ń fi ẹnu tútù bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: Ẹ̀RỌ KÌ Í PARỌ́, ẸNI TÓ NI Í NI KÓ YẸ ARA RẸ̀ WÒ.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé rédíò rẹ̀ wá. Ó ní ilé-iṣẹ́ rédíò kàn ń hó ṣáá sóun létí ni. Ládòkun fa èríà yọ, irin tí rédíò náà fi ń gba ohùn wọlé láti òde, ariwo kò dá.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ohun tó bá ṣì ń hó lẹ́yìn tí a yọ èríà, inú rédíò yín fúnra rẹ̀ ni ariwo wà. Ẹ yéé purọ́ mọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò."

Ojú ènìyàn márùn-ún ló ti sọ ọ́. Màmá Abẹ́rẹ́ gbé rédíò rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Bí Ládòkun kò ti fẹ́ràn ènìyàn tó, ó fẹ́ràn ojú ọ̀run. Ó ti fi páìpù omi ṣe awò kan tó fi ń wo ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú lásán lè rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ó pinnu láti ṣe kámẹ́rà tí yóò máa ya ọ̀run. Ó tú kámẹ́rà àlòkù kan, ó yọ ojú inú rẹ̀ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán, èyí tí kò ju èékánná lọ. Ó jó wáyà mọ́ ọn, ó sì gbé e sínú agolo mílíìkì. Ọmọrí agolo náà ló fi ń dé e kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ó mọ̀ pé bí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá gbóná, a máa rí ohun tí kò sí, nítorí náà ó fi yìnyín yí agolo ká. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe é.

Ní alẹ́ tí ó kọ́kọ́ lò ó, ó dojú rẹ̀ kọ ìdì ìràwọ̀ tí àwọn àgbà ìlú náà ń pè ní Àgbébọ̀-àti-Ọmọ. Nínú àwòrán, ìràwọ̀ tó jẹ́ ọmọ adìẹ ti fi ẹyọ kan lé, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ní alẹ́ kejì, ó wà níbẹ̀. Ní ìkẹta, ibẹ̀ náà ló wà, kò yẹ̀ bí irun orí. Ẹlòmíràn ìbá bi ara rẹ̀ pé èéṣe tí kò fi yẹ̀ rárá nígbà tí àwọn yòókù ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ládòkun ní òtítọ́ kì í yẹ̀.

"Àgbébọ̀ ti pa ọmọ!" ni ó kígbe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ààfin. Kábíyèsí, tó ti lo ọdún mọ́kànlá lórí ìtẹ́ láìsí òpópónà kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, pàṣẹ pé orúkọ òun ni ìràwọ̀ tuntun náà yóò máa jẹ́, àti pé Ládòkun yóò joyè Olójú-Ọ̀run. Inú Ládòkun dùn dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó joyè rí nídìílé wọn. Iṣẹ́ oko olóko ni bàbá rẹ̀ ṣe títí tó fi kú, "ìwọ yẹn" sì ni àwọn olóko ń pè é.

Lọ́jọ́ ìwúyè, lọ́sàn-án, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí tábìlì láàfin, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ó ṣàlàyé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Màmá Abẹ́rẹ́ fi ọ̀pá dìde lẹ́yìn.

"Ládòkun, mo kí ọ o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ǹjẹ́ o ti yọ èríà rẹ̀ wò?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. "Màmá, èyí kò ní èríà."

"Ohun yòówù tó fi ń gba ayé wọlé, òun náà ni mo wí. Dí i, ká wò ó."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Ládòkun bí ó ti dé ọmọrí pa, tó sì tan ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Lẹ́yìn náà ni ẹyọ kan yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó funfun báláú. Ibi tó wà ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló wà.

Kí ni ará Òkè-Ìyangí ṣe? Wọ́n hó yèè! "Ìràwọ̀ Kábíyèsí yọ lọ́sàn-án gangan!" "Ó la ọmọrí kọjá!" Kábíyèsí fúnra rẹ̀ dìde, ó gba ewé akòko lọ́wọ́ ìjòyè tó mú un dání.

Ládòkun nìkan ni kò hó. Ara rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ. Ibì kan ló ń ṣàìsàn lára ojú ẹ̀rọ náà, tó máa ń tàn yálà ìmọ́lẹ̀ wà tàbí kò sí. Àléébù iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti ń yà láti ọjọ́ yìí. Bí ó bá sì dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ó wo ẹ̀yìn. Màmá Abẹ́rẹ́ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe é, èyí sì dun Ládòkun ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ewé akòko kù díẹ̀ kó kan etí rẹ̀. Ó rántí "ìwọ yẹn". Ó fẹ́ ewé náà débi pé omi lé ròrò sí i lójú.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ẹ dákun, ẹ dá ewé yẹn dúró. Ìràwọ̀ yìí kò sí lókè. Inú agolo ló wà."

Kábíyèsí wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo agolo.

"Ládòkun," ó rọra béèrè, "ṣé kò sí bí o ṣe lè tì í síta ni?"

"Kò sí, Kábíyèsí."

Wọ́n dá ewé padà. Àwọn ènìyàn fi ìbínú lọ sílé, kì í ṣe torí pé Ládòkun ṣàṣìṣe, bí kò ṣe torí pé ó jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Abẹ́rẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ tún rédíò rẹ̀ ṣe. Ó ha ohun tó kọ sára ògiri kúrò. Láti ọjọ́ náà, kò ya ìràwọ̀ kan mọ́ láìkọ́kọ́ dé ọmọrí ya àwòrán kan, kí ó lè mọ èyí tó jẹ́ ti agolo, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ti ọ̀run. Àgbébọ̀ padà sí iye ọmọ tó ní tẹ́lẹ̀.

Kábíyèsí ló kọ́kọ́ pa òwe náà, lọ́jọ́ tí ìjòyè kan wá fẹjọ́ sùn pé olófòófó ti kún ìlú, tí àṣírí rẹ̀ kò fi sinmi, bẹ́ẹ̀ ẹnu òun gan-an ni àṣírí náà ti ń jáde. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń di ẹ̀bi àìdáa inú ara rẹ̀ ru aráyé, tàbí tó ń yangàn lórí ohun tí kò tíì yẹ̀ wò, òwe tí àwọn àgbà ń pa fún un nìyẹn: ìràwọ̀ tó bá ń tàn lábẹ́ ọmọrí, inú agolo ló ti yọ. Bí wọ́n bá pa á fún ìwọ náà, má wòkè. Dé ọmọrí ná.