Ewúrẹ́ Ra Ère Ara Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ewúrẹ́ tó fẹ́ràn orin ẹyẹ Ẹ̀gà. Ọ̀bọ ló ń bá Ẹ̀gà polówó.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣu mẹ́ta péré ló kù tí Ewúrẹ́ àti Òbúkọ ọkọ rẹ̀ yóò jẹ. Ewúrẹ́ fi ọ̀kan ra ìyẹ́ Ẹ̀gà lọ́wọ́ Ọ̀bọ. Ó fi ìkejì ra omi tí Ẹ̀gà fi wẹ̀. Ni Ọ̀bọ bá fi amọ̀ mọ ère olólùfẹ́ orin Ẹ̀gà: ère náà lanu sílẹ̀, itọ́ ń kán. Ewúrẹ́ fi iṣu ìkẹyìn rà á.

Ó gbé e délé, ó ní, "Baálé mi, ẹ wo òmùgọ̀ yìí!"

Òbúkọ ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ìwọ mà nìyẹn!"

Ewúrẹ́ fi ìbínú sáré lọ bá Ọ̀bọ. Ṣé ẹ rò pé iṣu ló fẹ́ gbà padà?

"Ọ̀bọ! Irùngbọ̀n mi gùn ju báyìí lọ! Tún un ṣe!"

Ọ̀bọ ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ́wọ́, ó ju èèpo sí i. Èèpo iṣu ni Ewúrẹ́ ń jẹ títí dòní.